Káàdì Tó Bọ́ Sílẹ̀ n'Ìbàdàn

Káàdì náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwòrán ìlú Ìbàdàn wà ní ojú rẹ̀ kan. Ojú kejì ni wọ́n ń kọ̀wé sí, àdírẹ́sì lápá kan, ọ̀rọ̀ lápá kejì. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ kì í wọ inú àpòòwé. Ẹnikẹ́ni tó bá bọ́ sí lọ́wọ́ lè kà á, látorí akọ̀wé tó ń lu òǹtẹ̀ ní pósí ọ́fíìsì títí dé orí ọmọdé tí wọ́n bá rán lọ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń pín lẹ́tà. Ọmọbìnrin Amẹ́ríkà kan ló kọ ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 1961, ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ní Massachusetts. Kò tíì lo oṣù kan pé ní Nàìjíríà. Kí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e tó parí, ó ti kúrò lórílẹ̀-èdè wa, orúkọ rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé ìròyìn káàkiri Amẹ́ríkà.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n máa ń gbà sọ ìtàn yìí. Àwọn kan á ní òyìnbó kan bú wa, a sì fi ọ̀nà ilé hàn án. Àwọn kejì á ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ló kọ, pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ n'Ìbàdàn tó ka káàdì náà kàn ń bínú òdodo ni. Mi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, torí pé wọ́n fo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dunni gan-an. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1961 náà ni wọ́n dá Peace Corps sílẹ̀. Ààrẹ John F. Kennedy fọwọ́ sí àṣẹ rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án kí òfin tó fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ tó jáde. Ètò náà kò le: kí ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ lọ gbé orílẹ̀-èdè mìíràn fún ọdún méjì, kó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó sì máa gba owó tó mọ níwọ̀n. Sargent Shriver, ọkọ àbúrò Kennedy, ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá. Òun fúnra rẹ̀ ti wá sí Ghana àti Nàìjíríà lọ́dún yẹn láti bá àwọn olórí sọ̀rọ̀, bóyá wọ́n á gba àwọn ọmọ náà. Wọ́n gbà.

Accra ni àwọn àkọ́kọ́ balẹ̀ sí ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ. Olùkọ́ 51 ni wọ́n. Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù báyìí, wọ́n tò sórí pápá, wọ́n sì kọrin fún àwọn tó wá pàdé wọn ní èdè Twi. Wọ́n ti kọ́ orin yẹn kí wọ́n tó gbéra nílé. Ó dára. Orin rọrùn láti kọ́ ju ibi tí ènìyàn yóò máa gbé lọ.

Àwọn ti Nàìjíríà lé ní ọgbọ̀n. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Harvard ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n tó kó wọn wá sí University College, Ìbàdàn, láti parí ìdálẹ́kọ̀ọ́ náà. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti pín wọn lọ sí àwọn ilé-ìwé girama. Margery Michelmore wà lára wọn. Ọmọ ọdún 23 ni, ará ìlú Foxboro ní Massachusetts, ó sì fi iyì jáde ní Smith College. Orí rẹ̀ pé. Mo ní láti sọ ìyẹn, torí pé àwọn tó ń sọ ìtàn yìí lẹ́nu àìpẹ́ fẹ́ràn láti sọ ọ́ di aláìmọ̀kan kan tó ṣìnà wá sí Áfíríkà.

Ẹ wo ibi tí wọ́n kó wọn sí ná. Ọdún 1948 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, oyè Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì ń gbà níbẹ̀. Maxwell Fry àti Jane Drew, ayàwòrán-ilé méjì láti ìlú òyìnbó, ló yàwòrán ọgbà náà, tí afẹ́fẹ́ fi ń gba ihò ara ògiri wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó bá rí àyè wọ ibẹ̀, gbogbo ìlú rẹ̀ ló mọ̀, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ìlú ló dáwó rán wọn lọ. Nínú gbọ̀ngàn ìjẹun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí ti ń jẹun ni àwọn àlejò náà ti ń jẹun.

Òmìnira Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan ni. Ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ti là sí ohun tí alágbára ń fẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tuntun. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1960, wọ́n ti wọ́ lọ sí Èkó láti fẹ̀hónú hàn lórí àdéhùn ààbò tí ìjọba fẹ́ bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1961, wọ́n pa Patrice Lumumba ní Kóńgò. Ní oṣù Kẹrin, Amẹ́ríkà ran àwọn kan lọ́wọ́ láti kógun ja Kúbà, ó sì yíwọ́. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tó lé ní ọgbọ̀n dédé sọ̀ kalẹ̀ nínú ọgbà, tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ làwọn fẹ́ ṣiṣẹ́, ìbéèrè ti wà nílẹ̀ kí káàdì kankan tó bọ́. Ta ní í ṣe ọ̀fẹ́ láìní ìdí?

Ohun tí Michelmore kọ kò gùn. Ó kọ́kọ́ bẹ ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ pé kó má bínú pé káàdì lòun fi ránṣẹ́, lẹ́tà ń bọ̀. Ó ní òun fẹ́ kó rí ìlú àràmàǹdà, ìlú tó wu ojú, tí àwọn wà. Lẹ́yìn náà ló wá tú inú rẹ̀. Ó ní pẹ̀lú gbogbo ìdálẹ́kọ̀ọ́ táwọn gbà, àwọn kò múra sílẹ̀ rárá fún ìdọ̀tí àti ìgbé-ayé àìlajú tó gba ìlú àti igbó kan. Àwọn kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní orílẹ̀-èdè tí kò tíì gòkè àgbà títí àwọn fi dé ibí. Ó ní nígbà tí àyà tó kọ́kọ́ já àwọn rọlẹ̀ tán, ìrírí tó lérè ni. Gbogbo ènìyàn àfi àwa, ó ní, ló ń gbé ní títì, wọ́n ń dáná ní títì, wọ́n ń tajà ní títì, wọ́n tilẹ̀ ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ ní títì. Ó wá fi kún un nísàlẹ̀ pé ọ̀nà àwọn ti jìn sí ìyókù ayé jù.

Ẹni tó bá ti dé ilẹ̀ àjèjì rí láti wá ṣiṣẹ́, tí kò wá ṣe fàájì, á mọ ohùn yẹn. Ohùn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni, ìgbà tí oorun kò tíì bá ara mu, tí etí ń gbọ́ ariwo tí kò mọ̀ ọ́n túmọ̀, tí imú sì ń ṣíwájú ojú. Ohun tó yàtọ̀ sí ti ilé nìkan ni ojú á máa rí. Òun ni àwọn àgbà rí tí wọ́n fi ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ìlú tó wu ojú ló fi bẹ̀rẹ̀ káàdì náà, ó sì pe ìrírí rẹ̀ ní èyí tó lérè. Ẹnikẹ́ni kò rántí apá yẹn mọ́.

Títì. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, torí pé ibẹ̀ ni ojú àlejò ti tàn án. Àárín ìlú Ìbàdàn nígbà náà, agbo ilé ni, láti Ọjà Ọba dé Òjé, ilé fara ti ilé. Iwájú ilé ni à ń pè ní ojúde. Ojúde kì í ṣe títì, inú ilé náà ló ṣì wà, òrùlé ni kò sí lórí rẹ̀. Igi ni wọ́n fi ń dáná, èéfín igi nínú yàrá abẹ́ páànù á sì fọ́ni lójú kí ọbẹ̀ tó jinná. Nítorí náà, ojúde ni ààrò wà. Ibẹ̀ ni ìyálé jókòó sí lórí àpótí, tó ń fi ìpọnpọn ṣí ìkòkò wò, tó sì ń fi ojú kan ṣọ́ ọmọ tó ń rá. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí ibẹ̀ ni àtẹ rẹ̀ wà, òróǹbó tó tò ní ìdì kéékèèké, ọṣẹ, ìṣáná. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò kí i, ara ìdúnàádúrà ni ìkíni. Àgbà tó ń parí ìjà, ojúde ni. Ìyàwó tó ń bọ̀, ojúde ni wọ́n ti ń pàdé rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á gbé àtẹ wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á sùn.

Ẹni tó bá fi mọ́tò kọjá kò ní rí ìyàtọ̀, torí pé kò sí odi láàárín ojúde àti ọ̀nà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Michelmore gbé wá kò sì ní orúkọ fún un. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ní fún gbogbo rẹ̀.

Ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Èyí kò ṣe é fi ojúde bò. Agbo ilé kan ní sálángá, òmíràn kò ní. Ààtàn wà, gbogbo ènìyàn ló mọ ohun tó wà níbẹ̀. Agbépòó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn lóru pẹ̀lú garawa lórí, òbí sì ń kìlọ̀ fún ọmọ pé kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, kí wọ́n má baà dà á sí i lára. Láàárọ̀, wọlé-wọlé á já wọ agbo ilé, á yẹ inú àmù wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, á bá onílé jà nítorí ìdọ̀tí. Nítorí náà, ìlú ti mọ ìtìjú rẹ̀ kí àlejò tó dé, ó sì ní àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń gbówó oṣù lórí ìtìjú ọ̀hún. Ìlú yìí kan náà ló ti ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n láti oṣù Kẹwàá ọdún 1959. Káàdì kékeré kò lè gba méjèèjì pọ̀, ìdọ̀tí ló sì kọ́kọ́ wọ ibẹ̀.

Ẹ rántí pé ọmọ Ìbàdàn kì í tijú òṣì àtijọ́. Oríkì rẹ̀ ni: ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó, ọmọ afìkarahun fọ́rí mu. Èso igbó ni wọ́n jẹ sùn, ìgbín ni wọ́n jẹ yó, ìkarahun ìgbín náà ni wọ́n fi mu ẹ̀kọ, inú wọn sì ń dùn bí o bá ń kì wọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ará ilé ló ń kì í. Bí àlejò ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá na ìka, tó ní ẹ wo àwọn tí ń fi ìkarahun mu ẹ̀kọ, ẹ ó gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ kò sọ fún un.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, bí mo bá ní kí n fi ìka tọ́ ibi tí ọfà náà ti wọlé, ọ̀rọ̀ méjì ni: àfi àwa. Ta ni àwa yìí? Akẹ́kọ̀ọ́ University College ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá, omi ẹ̀rọ ń yọ fún un, ó ń fi ṣíbí àti fọ́ọ̀kì jẹun nínú gbọ̀ngàn. Kò sí èyí tó ń dáná ní títì nínú wọn. Michelmore rí wọn lójoojúmọ́, ó ń bá wọn jókòó. Síbẹ̀, nígbà tó ń ka àwọn tí kò gbé ní títì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Amẹ́ríkà nìkan ló kà. Ó ka àwọn tó ń bá a jẹun mọ́ ìta. Ó sì tún kù: ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìyá tó ń ta nǹkan ní ojúde ọ̀hún ló sanwó ilé-ìwé wọn. Káàdì náà bá ọmọ nínú gbọ̀ngàn, ó bá ìyá rẹ̀ nídìí ààrò. Mi ò gbà pé ó mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá jí i lóru kí wọ́n bi í léèrè, bóyá ohun mìíràn pátápátá ni ì bá sọ.

Káàdì náà kò dé pósí ọ́fíìsì. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọgbà, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì ṣa á. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tirẹ̀ balẹ̀ ní ti gidi. Ẹni tó ṣa á lè jù ú sínú àpótí lẹ́tà kó máa bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ó lè gbé e lọ bá onílẹ́tà kó ní, "Àǹtí, kí lẹ kọ yìí?" Ẹ̀yìn ẹni tó kọ káàdì ni mo máa wà lórí apá yìí, lẹ́tà onílẹ́tà ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ yẹn, tí mo kà á débi àfi àwa, mi ò lè búra pé mi ò ní fi han ẹni tá a jọ ń gbé yàrá.

Wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n pín in kárí ọgbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàdé, wọ́n bínú, wọ́n dá ẹjọ́. Wọ́n pe àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni náà ní aṣojú amúnisìn, wọ́n pè wọ́n ní amí Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí ìjọba kó wọn jáde. Àwọn oníròyìn gbọ́, ó sì di ọ̀rọ̀ ayé. Ní gbọ̀ngàn ìjẹun, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀, wọn ò bá wọn jẹun mọ́. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá kọ̀ láti bá ọ jẹun ti sọ gbogbo ohun tó fẹ́ sọ. Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjèjì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kì ìlú náà, pé ó ń fún àlejò láyè ju onílé lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn, oríkì sinmi.

Michelmore kò jiyàn. Ó tọrọ àforíjì, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kóun kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé e kúrò n'Ìbàdàn lọ sí Èkó, láti ibẹ̀ ó bá bàálù lọ.

Ní Washington, ẹ̀rù ba àwọn tó dá ètò náà sílẹ̀ gidigidi. Òfin tó gbé Peace Corps ró kò tíì pé oṣù kan. Dwight Eisenhower, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ipò ààrẹ sílẹ̀ fún Kennedy, ti pe ètò náà ní eré ọmọdé, ó sì fi ọ̀rọ̀ káàdì yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn kò ju Michelmore nù. Kennedy fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé sí i pé àwọn wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì fún un níṣẹ́ ní oríko ètò náà. Kennedy kò sì lè ṣe kó má fi dá àpárá: ó sọ fún àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tó ń gbéra lọ lẹ́yìn náà pé kí wọ́n máa kọ̀wé sílé, àmọ́ kó má jẹ́ lórí káàdì.

N'Ìbàdàn, àwọn tó kù ló ru ẹrù náà. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tiwọn, wọn ò sì lè sá. Ìjọba Balewa kò lé wọn. Wọ́n dúró, wọ́n ń jí láàárọ̀, wọ́n ń lọ síbi ìdálẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń gbọ́ èébú. Díẹ̀díẹ̀, ara àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rọ̀. Ìdálẹ́kọ̀ọ́ parí, wọ́n pín wọn lọ sí ilé-ìwé, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé wọn wá ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Ó dá mi lójú pé àwọn tó dúró yìí ṣe ju lẹ́tà ààrẹ lọ láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn kò wọ ìròyìn.

Ní ọdún 1987, Nàìjíríà náà dá ètò tirẹ̀ sílẹ̀, Technical Aid Corps, tó ń rán dókítà, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ wa lọ ṣiṣẹ́ ọdún méjì ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Karíbíànù àti Pàsífíìkì. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ ò rò pé àwọn tiwa náà kọ̀wé sílé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́? Ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ṣa tiwọn ni.

Michelmore kò dé ilé-ìwé tí wọn ì bá pín in sí. Ó lọ́kọ, ó di Margery Heffron, nígbà tó sì dàgbà, ó kọ ìtàn ìgbésí ayé Louisa Catherine Adams, ìyàwó John Quincy Adams, ààrẹ kẹfà Amẹ́ríkà. Ó kú ní ọdún 2011, ìwé náà jáde ní 2014. Kó tó lè kọ ọ́, ó ní láti jókòó ti lẹ́tà obìnrin náà àti ìwé tó kọ nípa ara rẹ̀, kó máa ka ohun tí onítọ̀hún kọ fún àwọn ará ilé rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí Louisa sí. Ọdún 1801 ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ Amẹ́ríkà, tí ọkọ rẹ̀ mú un lọ sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Quincy. Ó wo àwọn ènìyàn ibẹ̀, ìwọṣọ wọn, oúnjẹ wọn àti ìṣe wọn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ká ní inú ọkọ̀ Nóà lòun wọ̀, ẹnu ì bá má ya òun tó bẹ́ẹ̀. Massachusetts ni Quincy wà.